Ojú Tí Mo Fi Òkúta Tò

Ọ̀rọ̀ burúkú ni mo fi dágbére fún ìyá mi nígbà tí mo ń bọ̀ ní Àbújá. N kò sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ o. Ojú rẹ̀ ni mo wò tí mo sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú yàrá wa ní Ṣakí, ó ń ki èlùbọ́ bọ inú báàgì mi, mo ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ ba ojú mi jẹ́. Ohun tó ń lé mi kúrò nílé nìyẹn."

Pélé ni mo kọ, mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta ní tòsì, bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n bí mi, ọ̀pọ̀ èèyàn ti pa ilà kíkọ tì. Ní kíláàsì wa, èmi nìkan ni. Múyìíwá àbúrò mi kò ní ẹyọ kan lójú. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo lọ béèrè iṣẹ́ agbàlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀gá ibẹ̀ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó ní bí mo bá fẹ́, àyè wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Inú yẹn ni mo gbé dé ilé, mo sì dà á lé ìyá mi lórí.

Ó so ẹnu báàgì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó le, ó ní, "Máa rí i pé o ń jẹun." Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Mo dé Àbújá, mo rò pé mo ti bọ́. Áà! Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo dúró ní Nyanya, mò ń wá ọkọ̀, bàbá kan rọra tẹ̀ mí lọ́wọ́ tẹ̀rín tẹ̀rín: "Sannu, Hajiya!" Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ ní èdè Haúsá bí omi tó ya. Mo ní n kò gbọ́. Ó tún wo ojú mi dáadáa, ó ní, "Kai!", ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Ilà ojú mi ló rí tó fi gbà pé ará ilé òun ni mí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá pè mí ní Haúsá á pè mí ní Núpé. Ọmọ kékeré onílé wa ní Orozo, níbi tí mo gba yàrá sí, onílé tí í ṣe obìnrin ará Kábà, dúró níwájú mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ṣé ológbò ló ha yín lójú?" Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ìtìjú. Ó ń bẹ̀ mí, ó ń lu ọmọ lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò séwu, ọmọdé ni. Lọ́jọ́ kejì mo ra páúdà tó nípọn, mo sì ń rẹ́ ẹ mọ́ ojú bí ẹni ń rẹ́ ògiri.

Kugbo ni mo ti ríṣẹ́, ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe àga. Àwọn ọkùnrin ń kan igi, èmi ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń bo fóòmù. Eruku fóòmù wọ imú, ti pákó wọ irun, ariwo ẹ̀rọ ń dún látàárọ̀. N kò kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í rántí nǹkan púpọ̀. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń gùn jù. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo jẹun, tí mo fọ aṣọ, ó kù èmi àti ògiri mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni mo máa ń pe ilé.

"Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún?" ìyá mi á bi mí.

"Ó ń rọ̀, mà."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Èlùbọ́ ńkọ́, ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Ọdún mẹ́jọ la fi sọ ọ̀rọ̀ òjò àti èlùbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo jù sílẹ̀ níjọ́sí ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa, olúkúlùkù ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kó má baà tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sílé nígbà méjì mẹ́ta láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Àǹtí Àbújá. Ní Àbújá, wọ́n ń bi mí pé ará ibo ni mí. Mo wá dà bí aṣọ tí wọ́n gé fún àga kan, tí wọ́n wá fẹ́ fi bo òmíràn.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé ilé Mọ̀mí Tọ́lá ní Gwarinpa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí òkè òkun. Mo lọ wọ aṣọ tuntun fún àwọn àga rẹ̀, mo sì rí àwòrán kan lára ògiri, odò àti igi, tó ń dán wínríwínrí. N kò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ sí i.

"Ìlẹ̀kẹ̀ lẹ fi ṣe é ni, mà?"

"Dáyámọ́ǹdì ni wọ́n ń pè é," ó ní. "Àmọ́ rọ́bà ni o. Má torí ẹ̀ wá jí mi lógiri gbé."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó mú èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ jáde. Aṣọ kan ni, gọ́ọ̀mù wà lójú rẹ̀, wọ́n ti fi ìlà pín in sí ihò kéékèèké bí ìwé ìṣirò, àmì sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú ọ̀rá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó ki ẹnu kálàmù kan bọ ìda tó ń lẹ̀, ó fi mú òkúta kan, ó gbé e lé orí àmì rẹ̀. Kó! Ó tún mú òmíràn.

"Tí wọ́n bá ti fi fáìlì mú orí mi gbóná ní ọ́fíìsì," ó ní, "èyí ni mo fi ń tù ú."

Mo ní èmi náà fẹ́ ra tèmi. Ó gbé kálàmù sílẹ̀.

"Àǹtí táílọ̀, èyí tó wù ẹ́ kọ́ lo máa kọ́kọ́ rà o. Èyí tó bá ẹ mu ni. Ojú ẹ ńkọ́, ṣé ó ríran? Tábìlì wo lo ní? Ìgbà wo lo ń ráyè? Ṣé o ní sùúrù?"

Mo ní mo ní sùúrù. Irọ́ ni.

"Mú òkúta róbótó, kó kéré, kí àwọ̀ rẹ̀ má pọ̀. Tí òkúta róbótó bá wọ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Olórígun mẹ́rin ò gba gbẹ̀rẹ́. Tí ọ̀kan bá wọ́, gbogbo ìlà yẹn ló máa wọ́."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mo dé ìsọ̀ kan ní Wuse, mo rí ọ̀kín tó na ìrù, ó fẹ̀ tó ìdajì ilẹ̀kùn, ó lé ní ogójì àwọ̀, olórígun mẹ́rin pọ́ńbélé. Òun ni mo rà. Èmi tí mò ń rán aṣọ àga onílé ńlá, ta ló máa fi òdòdó kékeré lọ̀ mí!

Ọyẹ́ ló bá mi wí. Ọ̀rá kan wà lójú gọ́ọ̀mù yẹn tó ń bò ó. Mo ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wàà, bí mo ṣe ń ṣí aṣọ lórí àga, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kí n tó dé, eruku Orozo ti bà lé e. Gọ́ọ̀mù ò mú òkúta mọ́, eruku nìkan ló mú. Ọ̀kín mi ní orí, ó ní ọrùn, kò sì ní nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo sọ fún Mọ̀mí Tọ́lá lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Onísùúrù!" ó ní. "Ẹ kú sùúrù o!"

Èkejì, mo gbọ́ràn. Òdòdó mẹ́ta nínú ìkòkò, òkúta róbótó, kò ju àwo oúnjẹ lọ. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni mo fi parí rẹ̀. Mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo dúró, mo wò ó, mo jókòó, mo tún dìde lọ wò ó. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ọdún tí mo ti wà níbí, kò tíì sí nǹkan kan nínú yàrá yẹn tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é fún ara mi. Ìyá mi gan-an sọ pé ohùn mi dùn lọ́jọ́ náà, ó ní kí ni mo jẹ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Múyìíwá pè mí. Kò kí mi dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ojú Màámi ti ń ṣú o. A lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní èyí tó ti lọ ò lè padà, àwọn kàn máa gbìyànjú kí ìyókù má tètè lọ ni. Àǹtí mi, tí nǹkan kan bá wà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí, ẹ tètè fi hàn wọ́n."

Mo jókòó sórí ìtí aṣọ ní ìsọ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí, n kò tíì kó o kúrò nílẹ̀, ìyá mi sì fẹ́ wọ inú òkùnkùn pẹ̀lú rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa là á lẹ́nu. Mo rò ó pé bí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣe ojú rẹ̀, tó rí i, á mọ̀ pé mò ń bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n ń bá èèyàn sọ fọ́tò di aṣọ olóòkúta ní ìsọ̀ Wuse yẹn. Mo mú fọ́tò ìyá mi lọ, èyí tó fi wé gèlè búlúù. Ọmọbìnrin tó ń tà á yẹ̀ ẹ́ wò.

"Àǹtí, ojú èèyàn máa ń fẹ́ àyè. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ńlá."

"Kékeré ni kí o ṣe," mo ní. "N kò lákòókò. Òkúta róbótó."

Òdòdó ti yọrí sí rere, àbí? Mo tún rò pé ohun tó bá òdòdó mu á bá ìyá mi mu.

Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, ó parí. Mo gbé e jìnnà, mo wò ó. Gèlè búlúù wà níbẹ̀, imú wà níbẹ̀, ẹ̀rín ìyá mi wà níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán kanlẹ̀, kò sí ilà kan. Àṣé ihò kan ṣoṣo lára aṣọ kékeré yẹn ti fẹ̀ ju pélé lọ, ẹ̀rọ tó pín fọ́tò sí ihò ti gbé ilà náà mì. Mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Èmi ni mo jọ ìyá mi lẹ́nu àti lẹ́rìn-ín, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Bí ojú mi ì bá ṣe rí nìyẹn bí wọn kò bá fi abẹ kàn án. Mo wò ó títí, ó wù mí, mo sì dì í.

Ọdún Àjíǹde ni mo gbé e lọ sí Ṣakí. Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ jù. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Ó dára o," ó ní. "Ọmọ mi mọṣẹ́. Ìyá ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi?" Ó tún gbé e súnmọ́. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà, ó fi pa ti ara rẹ̀. "Pélé mi dà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ihò àti òkúta. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"O yọ ọ́ nítorí pé kò dáa lójú ẹ," ó ní.

"Rárá, mà. Aṣọ ló kéré."

"Mo gbọ́." Ó gbé àwòrán náà lé itan. "Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ fún ẹ. O ti mọ̀yẹn. O ò mọ ìdí rẹ̀, o ò bi mí rí. Àwọn ará ilé bàbá ẹ ò fẹ́. Wọ́n ní ayé ti kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, mo fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo bí ẹ, orí, ọwọ́, ẹsẹ̀, àwọ̀, bàbá ẹ pátápátá ni. Ẹ̀rín tí wọ́n ní a jọ ní yìí, ìgbà tí o dàgbà ló yọ. Ẹni tó bá wọlé á ní ọmọ àwọn nìyí. Kò sẹ́ni tó ní tèmi ni. Mo wá ní kí n rí nǹkan kan lára ọmọ mi tó jẹ́ tèmi."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò wo ibi tí mo wà.

"Tí mo bá mọ̀ pé á lé ọmọ mi kúrò nílé, n kì bá tí ṣe é. Má bínú sí mi."

Ìyá mi ló ní kí n má bínú. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ má bínú, Màámi. Ẹnu mi ló mú jù. Ẹ forí jì mí." Ó ń fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ní ó ti tó, ó ti tó, ṣé mo ti jẹun.

Nígbà tí mo padà sí Àbújá, Wuse ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ọmọbìnrin yẹn rántí mi. Fọ́tò ara mi ni mo gbé kalẹ̀ fún un lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti lọ yà á láìfi páúdà kan ojú, oòrùn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kedere.

"Ńlá ni kí o ṣe," mo ní. "Èyí tó tóbi jù tí ẹ ní. Olórígun mẹ́rin."

Ó fi fọ́tò sínú ẹ̀rọ, ó tẹjú mọ́ ọn. "Àǹtí, mo lè bá yín nu àwọn ilà yìí kúrò, kí ojú yín lè dán."

"Fi wọ́n sílẹ̀," mo ní. "Àwọn gan-an ni mo wá rà."

Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe é. Mo ń ṣí ọ̀rá gọ́ọ̀mù náà bí àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, mo ń lẹ ibẹ̀ tán kí n tó ṣí òmíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àṣé òwe yẹn mọ ohun tó ń sọ. N kò wo ojú ara mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Tí o bá fi ọjọ́ Àìkú kan gbáko to ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, o ò ní lè kórìíra rẹ̀ bó ti wù kó rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé páúdà lórí tábìlì tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, n kò rà á mọ́.

Ó ku ọjọ́ mélòó kan kí n parí ni Múyìíwá pè. "Àǹtí mi, Màámi ò rí ẹnu ọ̀nà mọ́. Wọ́n ní òru ni gbogbo rẹ̀."

Mo gbé kálàmù sílẹ̀. Mo lọ bá Mọ̀mí Tọ́lá, mo ní mo ti pẹ́ jù, kí ni afọ́jú fẹ́ fi àwòrán ṣe. Obìnrin yẹn wò mí bíi pé orí mi ti yí.

"Ìwọ tí o ń rán àga! Tí wọ́n bá gbé àga wá, ojú lo fi ń mọ ibi tí fóòmù ti rọ̀ ni?"

Mo padà sílé, mo sì ronú sí i. Òkúta máa ń ṣẹ́ kù nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi èènì sí i ni. Mo kó àwọn òkúta dúdú jọ. Mo ra gọ́ọ̀mù tó le, mo sì lẹ òkúta kejì lé orí gbogbo òkúta tó jẹ́ pélé, lẹ́yìn náà mo lẹ ẹ̀kẹta lé e. Ìyókù ojú náà tẹ́jú bí tábìlì. Mo di ojú mi, mo fi ọwọ́ rá a. Wọ́n wà níbẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Mo gbé e dé Ṣakí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo kí ìyá mi, mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e lé e nítan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí àwòrán náà, ó ń fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún tọ̀ ọ́.

"Pélé mi," ó ní.

"Tèmi ni, Màámi. Ojú mi ni. Ẹ̀yin lẹ fún mi."

Ó gbé ọwọ́ kejì, ó wá ojú mi kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kàn án. Ọwọ́ kan wà lára àwòrán, ọ̀kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ó ń tọ àwọn méjèèjì pọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Múyìíwá ti mú ìṣó àti òòlù dé. Ó ní pálọ̀ ni òun máa gbé e kọ́, lókè, kí gbogbo àlejò lè máa rí i.

"Má gbé e kọ́ òkè," ìyá mi ní. "Kí ni mo fẹ́ fi ti àlejò ṣe? Gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, níbi tí ọwọ́ mi á ti máa bà á."

Ibẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá wọlé máa ń ní wọ́n gbé e sísàlẹ̀ jù.